Ètò Ẹ̀kọ́ Dókítà Eegun àti Eré Ìdárayá ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó: Àwọn Ìbéèrè Tí Wọ́n Ń Bi Wá

Láti ìgbà tí àwa mélòó kan ti jókòó láti kọ ètò tí a ó fi máa tọ́ àwọn dókítà tó fẹ́ mọ iṣẹ́ eegun àti ìṣègùn eré ìdárayá lágbègbè wa yìí, ìbéèrè kò jẹ́ ká sinmi. Dókítà kékeré ń béèrè, òbí ń béèrè, kóòṣì bọ́ọ̀lù kan tilẹ̀ dá mi dúró níbi ìgbéyàwó, oúnjẹ wà lọ́wọ́ mi. Mo kó àwọn tó wọ́pọ̀ jọ síhìn-ín. Èmi ni mo dáhùn wọn. Ibi méjì wà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kò ti gbà fún mi, n óò sọ ọ́ tí a bá dé ibẹ̀.

Ta gan-an ni ètò ẹ̀kọ́ yìí wà fún?

Dókítà tó ti jáde yunifásítì, tó ti ṣe háúsìmánṣíìpù ọdún kan (iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí dókítà tuntun ń ṣe lábẹ́ ọ̀gá), tó ti ṣe agùnbánirọ̀, tó sì ti yege nínú ìdánwò àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ń wọ rẹ́sídẹ́ńsì, ìyẹn ọdún tí dókítà fi ń kọ́ iṣẹ́ àkànṣe nílé ìwòsàn; rẹ́sídẹ́ńtì là ń pe ẹni tó wà níbẹ̀. Apá eré ìdárayá ṣí sílẹ̀ fún dókítà ìdílé àti àwọn onífísíò pẹ̀lú, nítorí púpọ̀ nínú ohun tó ń ṣe agbábọ́ọ̀lù kò nílò ọ̀bẹ rárá.

Ṣé kò ti sí ètò ẹ̀kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí tẹ́lẹ̀ ni?

Ó wà. National Postgraduate Medical College of Nigeria, tí òfin dá sílẹ̀ ní 1979, ní tirẹ̀. West African College of Surgeons, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1960 gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, náà ní tirẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń ṣe ìdánwò, àwọn ni wọ́n ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí. A kò bá wọn du iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí ìwé wọn ń sọ ni ohun tí dókítà gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó jókòó ìdánwò. Kò lè sọ ẹni tí yóò dúró tì í lóru Sátidé nígbà tí wọ́n bá gbé ọlọ́kadà méjì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ibẹ̀ ni tiwa ti bẹ̀rẹ̀.

Ibo lẹ ti mú ohun tó wà nínú rẹ̀?

Ẹnu ọ̀nà yàrá pàjáwìrì. Kí a tó kọ gbólóhùn kan sílẹ̀, a gbé rẹ́jístà kalẹ̀, a sì wo irú ẹni tó ń wọlé. Ìwé tí wọ́n kọ ní ìlú òyìnbó sábà máa ń lo ojú ewé púpọ̀ lórí arúgbó tó ṣubú ní balùwẹ̀ tí ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́, àti orúnkún tí wọ́n fẹ́ fi irin pààrọ̀. Àwa náà ń rí wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí à ń rí jù ni ọlọ́kadà tí ojúgun rẹ̀ ṣẹ́, tí eegun yọ síta, tí iyẹ̀pẹ̀ ojú títì ti wọnú egbò. À ń rí ẹni tó jábọ́ lórí ọ̀pẹ lọ́nà oko Ìdànrè, tí àwọn ará oko gbé sẹ́yìn alùpùpù, tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ tó ṣẹ́ sì wá burú sí i lójú ọ̀nà. À ń rí èrò ọkọ̀ tó dojú dé ní márosẹ̀ tó lọ sí Bìní. À ń rí ọmọ ọdún méjìdínlógún tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tó ń tiro nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kò dé orí eegun itan rẹ̀ mọ́, tí eegun náà sì ti kú, tí wọ́n sì ti ń fún un ní oògùn làkúrègbé láti ọdún mẹ́ta.

Nítorí náà, eegun tó ṣẹ́ tó sì yọ síta ló gba oṣù tó pọ̀ jù ní ọdún kìíní. Kí oògùn apakòkòrò ti wọ iṣan láàárín wákàtí kan, kí a fi omi púpọ̀ fọ egbò, kí a gé ẹran tó ti kú kúrò, kí a fi irin di eegun mú láti ìta. Iṣẹ́ náà kò lẹ́wà, ẹnikẹ́ni kì í fi í fọ́nnu níbi àpérò, àmọ́ òun ló ń gba ẹsẹ̀ là. Eegun itan ló tẹ̀ lé e. Mo máa ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má wò ó pé egbò kò sí: eegun itan kan tó ṣẹ́ lè tú ẹ̀jẹ̀ lítà kan sí lítà kan àbọ̀ sínú itan, kí awọ má sì ya rárá.

Ohun kan wà tí mo jà kí ó tó wọlé: ọmọ tuntun tí wọ́n bí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yí sínú. Nǹkan bí ọmọ kan sí méjì nínú ẹgbẹ̀rún ni. Ọ̀nà tí Ignacio Ponseti gbé kalẹ̀ ní Iowa, ní Amẹ́ríkà, là ń lò. Ọwọ́ la fi ń rọ ẹsẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀, a ń pààrọ̀ POP (símẹ́ńtì funfun tí wọ́n fi ń di eegun) lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí ìgbà márùn-ún sí mẹ́fà. Ọ̀pọ̀ wọn nílò kí a fi ojú abẹ kékeré gé iṣan gìgísẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni bàtà onírin: wákàtí 23 lójúmọ́ fún oṣù mẹ́ta, kó tó wá di ti alẹ́ nìkan títí ọmọ yóò fi tó bí ọdún mẹ́rin. Kò gba owó ńlá. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni bàtà yẹn. Ìyá ọkọ á ní wọ́n ń fìyà jẹ ọmọ òun, wọn á bọ́ ọ sọnù. Rẹ́sídẹ́ńtì wa gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń bá ìyá ọkọ sọ̀rọ̀, máàkì sì wà fún un. Mo mọ̀ pé ó ń pa àwọn kan lẹ́rìn-ín.

Kí ló dé tí oṣù àkọ́kọ́ fi jẹ́ ti pàjáwìrì nìkan? Ṣebí eegun la wá kọ́?

Ẹni tó bá ti kú kò nílò dókítà eegun mọ́. Ní 1976, James Styner, tó jẹ́ dókítà eegun fúnra rẹ̀, ló ń wa ọkọ̀ òfúrufú kékeré tirẹ̀ tó já sí oko ní Nebraska. Ìyàwó rẹ̀ kú lójú ẹsẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ farapa gan-an. Ìtọ́jú tí wọ́n rí ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà nítòsí bí i nínú débi pé ó sọ pé òun ìbá ṣe dára jù bẹ́ẹ̀ nínú oko pẹ̀lú ohun díẹ̀ tó wà lọ́wọ́ òun. Láti inú ìbínú yẹn ni ẹ̀kọ́ ATLS, tí wọ́n fi ń kọ́ dókítà bí a ti ń gba ẹ̀mí ẹni tó farapa là, ti jáde, wọ́n sì kọ́kọ́ kọ́ ọ ní 1978: ọ̀nà èémí lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà mímí, lẹ́yìn náà ẹ̀jẹ̀. Ẹsẹ̀ tó wọ́ lè máa fa ojú gbogbo èèyàn mọ́ra, kí ọ̀fun sì ti dí.

Ẹ ní dókítà yóò máa gba òmìnira bí ọmọ iṣẹ́ télọ̀. Kí lẹ ní lọ́kàn?

Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Ọjà Ọba kì í fi léèsì oníbàárà bẹ̀rẹ̀. Ìwé ìròyìn àtijọ́ ló ń kọ́kọ́ gé. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ní kó máa ran etí aṣọ, kó máa so bọ́tìnnì. Ọ̀gá ń wo ọwọ́ rẹ̀. Níbi tí a ti ń tọ́ dókítà, ó pẹ́ tó jẹ́ kàlẹ́ńdà là ń wò: ọdún ti pé, ó ti di àgbà rẹ́sídẹ́ńtì, ẹ fi sílẹ̀ kó máa ṣe é.

Ní ọdún àkọ́kọ́ tèmi, ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ, wọ́n gbé ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́jọ kan wá tó jábọ́ lórí igi máńgòrò. Eegun méjèèjì tó wà nísàlẹ̀ ìgúnpá rẹ̀ ṣẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa dá nìkan di POP yíká apá ọmọdé. Mo dì í, ó gún régé. Mo tilẹ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún kó lè dán. Mo ní kí wọ́n máa lọ sílé. Nígbà tí aago méjì òru lù, ìyá rẹ̀ ti gbé e padà dé. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ò tíì fojú kan oorun. Ìka ẹ̀ ti tutù." Mo ní kó fún un ní parasítámọ́ sí i. Nọ́ọ̀sì àgbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru náà kò bá mi jiyàn. Ó tẹ èékánná ọmọ náà, ó tú u sílẹ̀, ó ń wò ó. Ó funfun, kò pọ́n padà. Ó rọra na ìka kan, ọmọ fi igbe ta. "Dókítà, ẹ wá wo èyí." Òun ló lọ gbé ayùn. A la POP náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, a gé òwú abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú títí a fi rí awọ. Ká tó gbá èérún ilẹ̀ tán, ọmọ ti sùn.

Èyí tó ń dùn mí títí dòní ni pé mo mọ̀ ọ́n. Ìbéèrè lórí wíwú tó ń fún ẹran àti iṣan pa nínú apá wà nínú ìdánwò tí mo ti ṣe, mo sì dáhùn rẹ̀ dáadáa. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ti wo ọwọ́ mi rí.

George Miller, onímọ̀ nípa bí a ti ń kọ́ dókítà, ti là á sílẹ̀ ní 1990: ẹnì kan lè mọ nǹkan, ó lè mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ó lè ṣe é ká rí i, ó sì lè máa ṣe é bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ nígbà tí a kò sí níbẹ̀. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní 2005, Olle ten Cate, ará Netherlands, wá dá a lábàá pé ká máa béèrè iṣẹ́ tí a lè fọkàn balẹ̀ fi lé ẹni náà lọ́wọ́. Bí a ṣe ṣe tiwa nìyẹn. A pín iṣẹ́ eegun sí ọ̀nà mẹ́rìnlá. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò kọ́kọ́ máa wò. Yóò ṣe é tí ọ̀gá dúró tì í. Yóò ṣe é tí ọ̀gá wà nínú ọgbà, tó lè pè é. Yóò dá a ṣe. Yóò kọ́ ẹlòmíràn. Ẹnì kan lè ti gba òmìnira lórí egbò eegun kó ṣì máa wo ọwọ́ ọ̀gá lórí ọ̀pá ẹ̀yìn. POP ló ṣáájú gbogbo wọn. Nọ́ọ̀sì sì wà lára àwọn tó ń fọwọ́ sí i.

Ọdún mélòó ni?

Rẹ́sídẹ́ńsì eegun kì í sábà dín ní ọdún márùn-ún sí mẹ́fà. Ọdún kan la fẹ́ fi kún un fún ẹni tó bá fẹ́ gbájú mọ́ eré ìdárayá.

Ibo ni wọ́n ti máa kọ́ ọ?

Yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ìmọ̀ ìṣègùn nìkan wà nílùú Oǹdó, ilé ìwòsàn rẹ̀ sì ní ẹ̀ka ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó, tó fi mọ́ ibi tí wọ́n kọ́ fún ìjàǹbá àti iṣẹ́ abẹ. Irú ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti lo ọdún wọn tó pọ̀ jù. Fún ohun tí kò bá wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, èmi á fẹ́ kí wọ́n lo oṣù mélòó kan ní ilé ìwòsàn eegun tó wà ní Igbóbì l'Ékòó. Ilé ìwòsàn yẹn fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1945 gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn sójà tó farapa nínú Ogun Àgbáyé Kejì.

Ẹ̀rọ tó ń fi eegun hàn nínú tíátà (yàrá iṣẹ́ abẹ) ń bàjẹ́, iná ń lọ. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ kọ́ iṣẹ́?

Ọ̀pá irin SIGN wà. Lewis Zirkle, dókítà eegun ará Amẹ́ríkà tó ti ṣiṣẹ́ sójà ní Vietnam, ló dá ètò náà sílẹ̀ ní 1999. Inú ihò eegun itan tàbí ojúgun ni ọ̀pá náà ń wọ̀. Apá irin kan wà níta tó ń tọ́ka sí ibi tí ihò ìdè (ihò tí ìṣó onírin ń gbà dè é mọ́ eegun) wà, tí dókítà fi lè rí i láìsí ẹ̀rọ ìyàwòrán nínú tíátà. Ọwọ́ ló ń mọ̀ ọ́n. Àìní kì í ṣe ìwà rere, kẹ́nikẹ́ni má sọ pé mo ní ká má ra ẹ̀rọ. Àmọ́ rẹ́sídẹ́ńtì tó jẹ́ pé ojú ẹ̀rọ nìkan ló fi mọ eegun, ọjọ́ tí iná bá lọ ló máa ráhùn.

Dírílì ńkọ́? Oparun la fi ń kọ́ ọ. A ó de oparun mọ́ tábìlì, a ó fi tòmátì tútù sí ẹ̀yìn rẹ̀, ọmọ á gbé dírílì. Ògiri àkọ́kọ́ máa ń le, inú rẹ̀ á ṣófo, ohùn dírílì á yí padà nígbà tó bá kan ògiri kejì, á tún yí padà díẹ̀ kó tó já. Ẹni tí kò bá fetí sí ohùn náà, tòmátì á fọ́. Nínú itan èèyàn, iṣan ẹ̀jẹ̀ ló wà níbi tí tòmátì wà yẹn. Tí wọn kò bá fọ́ tòmátì mọ́, a ó bọ́ sórí ẹsẹ̀ màlúù tí a rà lọ́wọ́ alápatà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí a dán an wò, tòmátì tí wọ́n fọ́ tó se ọbẹ̀.

Ṣé ìṣègùn eré ìdárayá kì í ṣe ti àwọn agbábọ́ọ̀lù olówó?

Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn Sunshine Stars ń gbá bọ́ọ̀lù l'Ákùúrẹ́ níbí, wọ́n sì yẹ lẹ́ni tí dókítà tó mọṣẹ́ ń dúró tì. Àmọ́ fún agbábọ́ọ̀lù kan tó wà nínú ẹgbẹ́ ńlá, ọmọ iléèwé mélòó ló ń sáré nínú ìdíje ilé-sí-ilé láìsí ẹnikẹ́ni létí pápá tó mọ ohun tí yóò ṣe?

Ohun àkọ́kọ́ tí a ń kọ́ wọn kì í ṣe orúnkún. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1989, Samuel Okwaraji ṣubú nínú pápá ní Sùúrùlérè nígbà tí Nàìjíríà ń bá Angola gbá, kò sì dìde mọ́. Ọmọ ọdún 25 ni. Ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Ní 2021, Christian Eriksen, agbábọ́ọ̀lù Denmark, ṣubú bẹ́ẹ̀ ní Copenhagen. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà rẹ̀ lórí pápá, wọ́n fi ẹ̀rọ ta ọkàn rẹ̀ jí, ó sì padà sẹ́nu bọ́ọ̀lù. Ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá láìsí títẹ àyà àti ẹ̀rọ yẹn ń gé àǹfààní àtiyè kù ní ìdá 7 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń tẹ àyà: ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, kó wọlé tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sí mẹ́fà. Ó ń rẹ èèyàn. Ẹni tó bá ń ṣe é tí òógùn kò bọ́ lójú rẹ̀, kò tẹ̀ ẹ́ dáadáa.

Èyí tó kàn ni kí ìfarapa má tilẹ̀ wáyé. FIFA ní ètò ìmúra kan tí wọ́n ń pè ní 11+: ogún ìṣẹ́jú, sísáré, fífò, dídúró lórí ẹsẹ̀ kan, mímú itan le. Kò sí ohun tí a fẹ́ rà yàtọ̀ sí bọ́ọ̀lù. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2014, wọ́n dán an wò láàárín àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù l'Ékòó, ẹgbẹ́ 20, ọmọ 416. Ìfarapa fi ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù lọ́dọ̀ àwọn tó ṣe é. Rẹ́sídẹ́ńtì wa yóò yan iléèwé kan, yóò máa lọ kọ́ wọn fún sáà kan gbáko. Yóò rí i pé kóòṣì ló le jù láti yí lọ́kàn padà.

Kóòṣì ni mí. Ọmọ mi fi ẹsẹ̀ rọ́ lánàá, ìdíje wà ní Sátidé. Ṣé ó lè gbá a?

(Òun nìyí, ẹni ibi ìgbéyàwó yẹn.) Ẹ kọ́kọ́ ní kó rìn. Tí kò bá lè gbé ìgbésẹ̀ mẹ́rin lórí ẹsẹ̀ náà, tàbí tí ẹ bá tẹ ẹ̀yìn kókó ọrùn ẹsẹ̀ tí eegun gan-an sì dùn ún, ẹ gbé e lọ ya X-ray. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣan tó de oríkèé mú ló nà. Omi tútù ni, kí ẹ sì dì í, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ náà sókè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi omi gbígbóná àti róòbù wọ́ ọ lọ́jọ́ kìíní. Ẹ̀jẹ̀ lẹ̀ ń pè wá síbẹ̀. Ọjọ́ tó bá lè fi ẹsẹ̀ yẹn nìkan fò láìyí ojú, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Kì í ṣe Sátidé yìí. Ẹni tó bá sì forí gbá, tí ojú rẹ̀ ṣú, tí kò rántí iye góòlù, kò gbọ́dọ̀ padà sínú pápá lọ́jọ́ náà, kó tiẹ̀ máa bínú.

Kí ni ẹ máa ṣe nípa àwọn tó ń to eegun nílé?

Ọ̀kan nínú ibi tí a ti ń jiyàn nìyí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ wọn. Owó wà lára ohun tó fà á, ìbẹ̀rù náà wà lára rẹ̀. Bàbá kan di ẹ̀wù mi mú, ó ní, "Dókítà, ẹ má gé ẹsẹ̀ rẹ̀ o," kí n tó wo ẹsẹ̀ náà rárá. Ká sọ òótọ́, eegun tó ṣẹ́ tí kò yẹ̀ kúrò nípò á jinná lọ́dọ̀ wọn, nítorí eegun ń so ara rẹ̀. Jàǹbá wà nínú igi tí wọ́n dì le jù, tí ẹ̀jẹ̀ kò fi lọ mọ́, tí ìka yóò dúdú. Irú rẹ̀ ló ń gbé àwọn kan wá fún wa láti gé. Ẹ rántí pé èmi dókítà náà ti dì í le jù rí.

Mo fẹ́ kí rẹ́sídẹ́ńtì kọ̀ọ̀kan lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá kan tó ń to eegun, láìwọ ẹ̀wù funfun, kó sì kọ́ bàbá náà ní ohun tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn: eegun tó yọ síta, oríkèé, ìka tó tutù tàbí tó kú tipiri, ìrora tó ń pọ̀ sí i lẹ́yìn tí wọ́n ti dì í. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ní ńṣe ni mo fẹ́ fi òǹtẹ̀ lù wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lórí tábìlì.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé wọn kò purọ́ nínú lọ́gíbúùkù, ìwé tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe sí?

Wọ́n ń purọ́. Àwa náà purọ́ nígbà tiwa. Tí a bá ní iṣẹ́ abẹ ogójì la fẹ́, ogójì la máa rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká yọ iye kúrò, àmọ́ àwọn tó kù kò gbà. Wọ́n ní láìsí iye, ọ̀gá tó bá fẹ́ràn ọmọ kan á kàn fọwọ́ sí i. Wọ́n jàre díẹ̀. A fi iye sílẹ̀, a sì fi ìbéèrè kan kún ojú ewé kọ̀ọ̀kan: kí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́ lọ́jọ́ náà? Ẹni tó bá kọ "kò sí" nígbà mẹ́wàá léra, a ó pè é ká jọ sọ̀rọ̀.

Ẹ ó kọ́ wọn tán, wọ́n á jápa. Ṣé kì í ṣe òfò?

Àwọn kan á lọ. N kò ní í bú wọn, mo mọ iye tí wọ́n ń gbà. Àmọ́ ẹni tó ti gba òmìnira dé ìpele ìkọ́ni, ó ti kọ́ ẹlòmíràn kó tó wọ ọkọ̀ òfúrufú. Ìyẹn ni mo lè ṣe nípa rẹ̀ láti ibi tí mo jókòó sí.

Háúsìmánṣíìpù ni mo ṣì ń ṣe l'Ákùúrẹ́. Kí ni mo lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe?

Lọ sí yàrá POP lọ́jọ́ kílíníìkì, kó o bẹ nọ́ọ̀sì tó ti pẹ́ níbẹ̀ jù kó jẹ́ kó o máa po omi fún òun. Kó o tó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn kọ̀ọ̀kan, tẹ èékánná rẹ̀ kó o wo bó ṣe ń pọ́n padà. Ra ìwé kan tó o ó máa kọ ohun tó o rí sí. Kó jẹ́ èyí tó ní ẹ̀yìn líle o, omi POP á ta sí i.